Igi Tó Mú Mi Gbàgbé Ìbọn

Ọjọ́ kan wà tí mo ti ń lé kúrò lọ́kàn láti bí ọdún mẹ́rin, àmọ́ kò lọ. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí oòrùn ń tàn rẹ́súrẹ́sú lórí páànù àwọn ilé Sùúrùlérè, ọjọ́ náà á tún wọlé wá jókòó tì mí. Ọjọ́ Sátidé ni. Wọ́n ní kí n lọ wo ìbọn àlòkù kan, kí n sọ bóyá owó tí wọ́n ń bèèrè tọ́ sí i. Mo lọ. Mo wò ó dáadáa. Igi ni mo wò.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó rán mi. Àbúrò bàbá mi ni, Bàbá Kékeré là ń pè é, ọdẹ ni ní abúlé kan lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Ìbọn tó ti ń lò láti ìgbà ọ̀dọ́ ti là lẹ́nu, àwọn ọlọ́pàá sì ti fọwọ́ sí ìwé pé ó lè ra òmíràn. Ó ti ta kajú ọdún náà, owó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló ń bá a jà lọ́kàn: kó ra ìbọn ẹlẹ́nu méjì, tàbí kó ra ọ̀kadà tí yóò máa fi kó kajú lọ sọ́jà. Bí ọ̀kadà ṣe di òṣùwọ̀n rẹ̀ nìyẹn. Ní ìgbà náà, bí ẹ bá sọ iye owó ewúrẹ́ fún un, táyà ọ̀kadà ni yóò fi ṣírò rẹ̀.

Ó pè mí lórí fóònù. “Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọdẹ ẹgbẹ́ mi kan ló júwe bàbá arúgbó kan fún mi ní Sùúrùlérè. Ó fẹ́ ta ìbọn rẹ̀. Wọ́n ní igi ìdí rẹ̀ dára lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọ̀kadà tuntun méjì ló ń bèèrè. Ìwọ oníròyìn tí o máa ń bi àwọn ìjọba ní ìbéèrè, lọ bi ìbọn yẹn náà ní ìbéèrè.”

Ó wá ka ohun mẹ́ta fún mi, ó sì ní kí n kà á padà fún òun. Kí n ká ìbọn náà sí méjì kí ìdí ọ̀pá ṣí, kí n wo inú ọ̀pá méjèèjì. Kí n mì í, kí n gbọ́ bóyá ó ń dún wọ́rọwọ̀rọ. Kí n wo nọ́mbà ara irin, bóyá ó bá ti inú láísẹ́ńsì mu. Mo kà á padà bí ọmọ ilé ìwé. Ó tún ní, “Má ná an o. Ojú ni mo rán, n kò rán ẹnu. Ọjà téèyàn bá ti ná, tí ọlọ́jà bá ti gbà, ó ti rà á nìyẹn. Ọdẹ kì í ná ìbọn kó tún ní òun ń ṣeré.”

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín. Mùṣín ni wọ́n bí mi sí. Àwọn ọmọ agboolé wa tó wà nílé mọ ipasẹ̀ ẹran, wọ́n mọ ewé tí wọ́n fi ń pa òórùn ara. Èmi, bí mo bá dé fún ọdún, àga ni wọ́n máa ń sáré gbé fún mi, àga oníkùṣìn tí wọ́n ń gbé fún àlejò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sí ẹni tó rán mi níṣẹ́ ọdẹ rí. Nígbà tí Bàbá Kékeré gbé fóònù sílẹ̀, mo dìde dúró nínú pálọ̀ mi, ó kù díẹ̀ kí n kí ara mi kú oríire. Bí mo bá ṣe èyí re, wọn ò ní gbé àga yẹn fún mi mọ́. Bí mo bá bà á jẹ́, kajú ọdún kan gbáko ló bá a lọ.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni bàbá náà ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, Bàbá Sọ̀féyọ̀ sì ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán; ó ń wo ibi tí ohùn ti ń wá ni. Ọmọ rẹ̀, Àǹtí Bísí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ṣílẹ̀kùn fún mi.

“Ẹ̀yin lẹ wá fún nǹkan yẹn?” Kò pè é ní ìbọn. “Ẹ káàbọ̀ o. Bí mo bá ń gbálẹ̀ nínú yàrá yẹn, mi ò mọ ẹ̀gbẹ́ tí mo máa kọ sí i.”

“Fi í lọ́rùn sílẹ̀,” ni bàbá rẹ̀ wí láti orí àga. “Kò tíì sí ọta nínú rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú. Òun náà ti fẹ̀yìn tì. Ṣebí ẹ̀yin méjèèjì ni.”

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì olódòdó ni wọ́n fi wé e. Àǹtí Bísí na apá méjèèjì gbọọrọ gbé e wá, bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ tó tọ̀ sára. Mo tú aṣọ náà. Láti ìgbà náà lọ, ẹ má gbára lé ẹ̀rí mi mọ́.

Igi yẹn pọ́n bí oyin. Àwọn ìlà dúdú ń ṣàn nínú rẹ̀ bí èéfín tí afẹ́fẹ́ kò tíì pinnu ibi tí yóò gbé e gbà. Bí mo bá yí i díẹ̀, àwọn ìlà náà á gbéra, bí ojú omi tí ẹja ńlá kan gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́, níbi ọrùn tí ọwọ́ ń dì mú, àwọn ìlà ká lu ara wọn bí irun ọmọ tuntun. Mo gbé e lé itan. Mo fi àtàǹpàkò pa á lára. Mo sì lọ.

N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ibi tí mo lọ. Igbó kan ni, igbó tí n kò dé rí, ìrì wà lára koríko, bàbá bàbá mi tí n kò mọ̀ ń lọ níwájú, kò wẹ̀yìn, ó mọ̀ pé mo ń bọ̀. N kò bèèrè ohun tí à ń dọdẹ. Mo kàn ń tẹ̀ lé e, inú mi sì tutù. Nígbà tí mo dé padà, Bàbá Sọ̀féyọ̀ ti ń sọ̀rọ̀ tipẹ́, ọwọ́ mi sì ti ń kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí iṣẹ́ tó ti mọ́ ọwọ́ kì í dúró de ọkàn.

“Etu kan jáde sí mi lójú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn,” ni ó ń wí. “Ó wò mí. Èmi náà wò ó. Mo ní kó máa lọ, ọjọ́ ìsinmi ni.”

“Bàbá,” ni Àǹtí Bísí wí, “ọ̀sẹ̀ tó kọjá ẹ ní ẹ pa á.”

“Èkejì rẹ̀ nìyẹn. Òun ò mọ ọjọ́ ìsinmi.”

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ojú ewé mẹ́fà ni mo kọ. Mo bèèrè ibi tí wọ́n ti ra ìbọn náà, irú ẹyẹ tí wọ́n fi pa, ẹni tó kọ́ wọn ní yíyìn, ohun tí ìyàwó wọn máa ń sọ bí wọ́n bá ti oko ọdẹ dé. Ìbéèrè mẹ́tàlélógún. N kò ká ìbọn náà. N kò mì í. Nọ́mbà kankan kò sí nínú ojú ewé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àfi nọ́mbà ojú ewé.

Bàbá yí ojú sápá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. “O ò tíì rí i, ọmọ mi. Ojú fèrèsé yìí ò tó. Gbé e sínú oòrùn.”

Bí mo ṣe gbé e jáde sí báàkónì nìyẹn. Ẹni tó bá mọ Sùúrùlérè mọ bí òpópónà ṣe ń dún láàárọ̀ Sátidé. Mo gbé ìbọn náà sókè kí oòrùn ọyẹ́ lè bà lé igi ìdí rẹ̀, ẹnu ọ̀pá méjèèjì sì wá kọjú sí títì, bó ti tọ́ kó rí bí èèyàn bá fẹ́ rí ìdí. Oòrùn wọnú igi náà. Iná tàn nínú oyin. Mo wá ṣàkíyèsí pé gbogbo ayé ti dákẹ́ rọ́rọ́. Mọ́tò kan kò dún. Rédíò ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ dákẹ́. Mo mí kanlẹ̀. Mo rò pé láti inú igi náà ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọ̀hún ti ń wá, pé nǹkan tó lẹ́wà tó báyìí lè mú kí Èkó sinmi díẹ̀.

Ohùn kan wá jáde láti abẹ́ mọ́tò kan tó dúró nísàlẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun. Táyà ni mo wá lẹ̀ níbí. Mi ò sí nínú ọ̀rọ̀ yín.”

Mo wo ìsàlẹ̀. Bàtà mẹ́ta wà láàárín títì tí kò sẹ́ni nínú wọn. Obìnrin tó ń sun bọ̀ọ̀lì ti sá sẹ́yìn ààrò rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ. Òun náà sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: “Bọ̀ọ̀lì mi ń jóná, sà. Ṣé kí n yí i?”

Mo ti ń bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò sí ẹni tó tíì gba àṣẹ lọ́wọ́ mi láti yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ padà.

Ọwọ́ Àǹtí Bísí ló fà mí wọlé, òun ló jáde dípò mi. “Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Ìbọn Bàbá ni, kò sí ọta nínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á ló ń wo igi.”

“Igi wo?” ni ẹnìkan bèèrè.

“Mi ò mọ̀ o,” ni ó wí. “Ìyá oníbọ̀ọ̀lì, ẹ yí i.”

Èmi àti fúkanáísà tó wà lábẹ́ mọ́tò náà ti wá dọ̀rẹ́ báyìí. Ẹ̀rí tó jẹ́ fún mi lẹ́yìn náà nìyí, bó ṣe sọ ọ́ gan-an: “Mo yọjú wo yín lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ mọ́tò yẹn. Mo ní, ojú ọkùnrin yìí ò jọ ojú ẹni tó fẹ́ pààyàn. Ó jọ ti ẹni tó ń wo ìyàwó tuntun. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.”

Mo padà jókòó. Òógùn bò mí nínú ọyẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ ni kí n jáde nínú ilé yẹn pẹ̀lú ìwọ̀nba iyì tó kù sí mi lára. Àkókò yẹn ni Bàbá Sọ̀féyọ̀ bi mí, jẹ́jẹ́, “Ó dáa. O ti rí i. Èló lo rò pé ó tó?”

Ọmọ tó bá ìyá rẹ̀ ra aṣọ ní ọjà Tejúoṣó dàgbà, ìbéèrè yẹn kì í bá ẹnu rẹ̀ lófo. Ọkàn mi ṣì ń wá ọ̀nà àbájáde, ẹnu mi ti sọ iye kan. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà: ọ̀kadà kan ààbọ̀ ni. Mo rò pé wọ́n á kọ̀, wọ́n á bínú díẹ̀, èmi náà á dìde, màá ní kò burú, ẹ jẹ́ kí n lọ jíṣẹ́.

“Mo gbà,” ni bàbá náà wí. “Ó ti di tìẹ.”

Ẹni tó bá ti ná ọjà rí mọ ohun tó máa ń ṣe èèyàn bí ọlọ́jà bá gbà lẹ́ẹ̀kan. Bàtà tó o fẹ́ràn ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí ẹni pé òkú ló bọ́ ọ sílẹ̀. Mo ní ọjọ́ Ajé ni a ó mú owó wá, a ó sì jọ dé àgọ́ ọlọ́pàá láti yí ìwé rẹ̀ padà. Mo ya fọ́tò díẹ̀, mo kí wọn, mo sọ̀ kalẹ̀. Orí àtẹ̀gùn kẹta ni mo wà nígbà tí ohun mẹ́ta tí Bàbá Kékeré kà fún mi padà sọ́kàn mi, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ ìta.

N kò lè padà sókè. Mo yẹ àwọn fọ́tò náà wò, bóyá n ó rí irin. Mọ́kànlá ni wọ́n, igi ni gbogbo wọn. Irin yọ díẹ̀ nínú ọ̀kan, nítorí pé mo kánjú yà á.

Ẹni tó gbọ́n ì bá wá alágbẹ̀dẹ tàbí ọdẹ lọ. Èmi lọ bá Múfú ní Pápá Àjàó, káfíńtà tó kan bẹ́ẹ̀dì tí èmi àti ìyàwó mi ń sùn lórí rẹ̀. Mo ti pinnu lọ́kàn pé bí igi bá níye lórí tó, irin á gba ibẹ̀ là. Múfú nu ọwọ́ rẹ̀ tí pọ́líìṣì kún, ó gba fóònù, ó sì fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni ó wí, “níbo lẹ ti rí iṣẹ́ mi?”

“Iṣẹ́ rẹ bí?”

“Orí bẹ́ẹ̀dì ni.”

Mo jókòó sórí pákó kan tí kò tíì gbẹ. Múfú ń sọ̀rọ̀ lọ. “Ìdí ìbọn náà ti kán nígbà tí bàbá kan gbé e wá. Ìyàwó wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Wọ́n gbé orí bẹ́ẹ̀dì wọn dání, pákó tó máa ń dúró níbi ìgbérí, wọ́n ní òun ni kí n fi gbẹ́ ẹ. Mo ní, Bàbá, igi bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe igi ìbọn. Wọ́n ní ṣé èmi ni mo fẹ́ gbé e ni.” Ó dá fóònù padà fún mi. “Ó pọ́n sí i ju bí mo ṣe fi sílẹ̀. Ọwọ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ń pa á lára fún ọjọ́ pípẹ́.”

Ẹ jẹ́ kí n má fa ọ̀rọ̀ tí mo bá Bàbá Kékeré sọ lórí fóònù gùn.

“Inú ọ̀pá ńkọ́?”

“N kò wò ó, sà.”

“O mì í?”

“Rárá, sà.”

“Kí lo wá wò?”

“Igi.”

“Igi ọ̀hún ńkọ́?”

“Orí bẹ́ẹ̀dì ni.”

Ó wá bèèrè, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, “O ná an?”

“Mo ná an.”

“Wọ́n gbà?”

“Wọ́n gbà, sà.”

“Ó ti di tiwa nìyẹn. Wá pàdé mi ní ibùdókọ̀ Jíbówú ní ọjọ́ Ajé.”

Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú báàgì kékeré kan àti kajú sísun nínú ìgò. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ de ìbínú. Dípò rẹ̀, ó ní, “Ẹ ǹlẹ́ o. Ṣé dáadáa lẹ wà?” Ó gbé ìgò kajú náà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ìgbà téèyàn bá ń fún àlejò ní nǹkan. Ì bá sàn fún mi kó gbá mi létí níwájú gbogbo onímọ́tò Jíbówú.

Bàbá Kékeré ní kí ẹni tó gbẹ́ igi náà wà níbẹ̀, a yà mú Múfú, a gòkè lọ sí ilé Bàbá Sọ̀féyọ̀. Bàbá Kékeré kí wọn, wọ́n júwe igbó fún ara wọn díẹ̀, ó sì gba ìbọn náà. Kò tilẹ̀ wo igi. Ó ká a, ó fi èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ sí ìdí ọ̀pá kí ìmọ́lẹ̀ lè ti ara rẹ̀ tàn wọ inú, ó fi ojú kan wo láti ẹnu: ọ̀kan, lẹ́yìn náà èkejì. Ó pa á dé, ó mì í sí etí rẹ̀ bí ẹni ń mi àgbọn. Ó ní kí Àǹtí Bísí ka nọ́mbà inú ìwé, òun náà ń ka ti ara irin. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ojú ewé mẹ́fà mi wà nínú àpò mi, ó gbóná sí mi nítan.

“Irin yìí dára,” ni ó wí. Mo mí. “Ọ̀kadà kan ààbọ̀ tọ́ sí i gan-an.” Mo tún mí. “Irin nìkan.”

Ó wá gbé ìka lé ọrùn igi náà, ní ibi tí mo ti sọnù ní ọjọ́ Sátidé. “Ẹ wo àwọn ìlà yìí, wọ́n dábùú, wọ́n ká. Ìlà tó bá lọ gbọọrọ ni ọrùn ìbọn ń fẹ́. Ibi tí igi yìí ti lẹ́wà jù, ibẹ̀ ni yóò ti ṣẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ló sì máa ṣẹ́ sí.”

“Mo sọ fún wọn nígbà yẹn,” ni Múfú wí lábẹ́ ohùn.

Bàbá Sọ̀féyọ̀ kò bá a jiyàn. Ọwọ́ rẹ̀ kàn ń wá nǹkan kiri lórí itan rẹ̀ tó ṣófo. “Mo mọ̀,” ni ó wí. “N kò yìn ín láti ìgbà náà. Ẹ̀rù ló ń ba Bísí, mo ní kí n tà á. Oníròyìn yìí bi mí ní gbogbo ìbéèrè tó wà láyé, kò bi mí pé igi kí ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe dákẹ́ nígbà tó gbé e lé itan, mo ní, ẹni yìí rí i. Ojú tèmi ò rí i mọ́. Ìdí tí mo fi gbà lẹ́ẹ̀kan nìyẹn.”

Bàbá Kékeré wò mí, ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Àǹtí Bísí. “Èwo gan-an lẹ ń bẹ̀rù, irin àbí igi?”

“Kí ló máa bà mí lẹ́rù lára igi?” ni Àǹtí Bísí wí. “Orí bẹ́ẹ̀dì ìyá mi.”

“Ó tán nìyẹn. Owó tí ọmọ mi dá náà ni n ó san. Kí n gbé irin, kí Bàbá mú igi wọn.”

Múfú tó dè é ló tú u. Ó gbé igi náà lé Bàbá lọ́wọ́, Bàbá sì gbé e lé itan, ó fi àtàǹpàkò pa á lára, ojú rẹ̀ sì lọ sí ibi kan tí mo mọ̀ díẹ̀. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, nọ́mbà ara irin ni wọ́n fi yí ìwé padà. Igi kò sí nínú ìwé wọn. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní abúlé ló gbẹ́ ìdí tuntun sí i, igi tó lọ gbọọrọ, tó rí bí ọmọ odó, tí kò lè mú ẹnikẹ́ni lá àlá.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Ẹni tí wọ́n bá rán ojú rẹ̀, kó fi ẹnu sílẹ̀ nílé. Bí nǹkan bá sì lẹ́wà ní ibì kan jù, kó wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà, ó sì ti gbà mí lọ́wọ́ mọ́tò àlòkù méjì àti olóṣèlú kan.

Nígbà tí mo wá délé fún ọdún, mo dúró díẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà agboolé, mo ń retí kí ẹnìkan sáré gbé àga oníkùṣìn. Kò sẹ́ni tó dìde. Bàbá Kékeré tó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ti sọ ìtàn náà fún wọn tán, títí kan ti bọ̀ọ̀lì. “Oníbẹ́ẹ̀dì ti dé,” ni ó wí. “Ẹ tẹ́ ẹní fún un. Ìwọ, jókòó kí o pa kajú, ọwọ́ rẹ ò dí.” Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí oòrùn fi wọ̀, omijé ń dà lójú èmi náà, oje kajú sì ti bó mi lọ́wọ́. Mo wò yíká, mo rí àga náà ní kọ̀rọ̀, adìyẹ kan ti yé sórí rẹ̀. A kì í fi àlejò ṣe yẹ̀yẹ́.